Ọgbẹ́ Inú: Kì Í Ṣe Ebi Ni Ó Dá A Sílẹ̀, Ó Sì Ṣeé Wò Sàn

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí owó. Àwa tí à ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ yín mọ̀ pé nínú àwọn tí ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìsàn ni àwọn fẹ́ fi owó tọ́jú, ọ̀rọ̀ inú rírun kì í wọ́n. Bí a bá ní, "Inú rírun wo nìyẹn?", wọ́n á ní, "Ulcer mi ni." Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń pè é: "ulcer mi", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń bá a yí láti ọdún 15 sẹ́yìn. Wọ́n ti mu ti kẹ́míìsì, wọ́n ti mu àgbo, wọ́n ti mu oògùn funfun olómi títí ó fi sú wọn, wọ́n sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé àwọn á bá a dé sàréè ni.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 40 sẹ́yìn ni ìmọ̀ àwọn oníṣègùn nípa àìsàn yìí ti yí padà pátápátá, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò tíì dé inú ọjà wa dáadáa. Ohun tí à ń sọ fún ara wa lábẹ́ bùkà títí di òní ni ohun tí àwọn dókítà ń sọ ní ọdún 1970.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọgbẹ́ inú jẹ́. Oúnjẹ tí a bá gbé mì, àpòlúkù ni ó ń bọ́ sí. Omi kíkan kan wà nínú àpò yìí, ásíìdì ni wọ́n ń pè é, ó sì kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Òun ni ó ń bá wa fọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, òun náà ni ó sì ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí a bá gbé mì. Bí ó bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi jẹ àpò náà fúnra rẹ̀? Ohun kan wà tí ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá tí ó bo ara àpò náà nínú, òun ni ààbò rẹ̀. Níbi tí ààbò yìí bá ti bàjẹ́, ásíìdì á kan ẹran ara, á sì jẹ ẹ́ di egbò. Egbò náà lè wà nínú àpòlúkù, ó sì lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tí ó tẹ̀lé e.

Ibí yìí ni ebi ti wá gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní egbò yìí, bí inú rẹ̀ bá ṣófo, ásíìdì á máa ta á lójú egbò. Bí ó bá jẹun, oúnjẹ á bo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara á sì rọ̀ ọ́. Ni gbogbo ayé bá ní: "Àìjẹun lásìkò ni ó fà á." Àwọn ìyá ọmọ ń fi bá àwọn ọmọ wọn wí, àwọn tíṣà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta omi ọsàn sí ojú egbò kọ́ ni ó dá egbò náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ebi ni ó ń fa ọgbẹ́ inú, mélòó nínú àwọn tí ń gba ààwẹ̀ Rámádánì lọ́dọọdún ni ìbá ṣẹ́kù láìní in? Bẹ́ẹ̀ náà ni ata. Ata lè ta ẹni tí ó ti ní egbò, kì í dá egbò sílẹ̀. (A kò sọ pé kí ẹni tí inú ń run máa gbààwẹ̀ tàbí kí ó máa fi ata rodo jẹun o. Kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè.)

Àwọn dókítà pàápàá ti rìn lójú ọ̀nà yìí pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdààmú ọkàn àti oúnjẹ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wàrà ni wọ́n ń fún aláìsàn mu, wọ́n á ní kí ó yé ronú. Bí ó bá pọ̀ jù, wọ́n á ṣí inú rẹ̀, wọ́n á gé lára àpòlúkù dànù tàbí kí wọ́n gé iṣan tí ń pàṣẹ fún un láti sun ásíìdì. Nígbà tí ó di ọdún 1976, oògùn kan tí ń jẹ́ cimetidine jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. James Black, ọmọ Scotland, ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Oògùn yìí ń dín ásíìdì kù gan-an, egbò á sì jinná. Ayé yọ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: bí aláìsàn bá dáwọ́ oògùn dúró, kí ọdún tó yípo, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ni egbò náà tún ń padà sí lára. Oògùn ń jinná egbò ṣùgbọ́n kò mú ohun tí ó fà á kúrò. Òwò ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń ta oògùn, ẹ̀yin oníṣòwò á mọ̀: oníbàárà tí kò lè lọ.

Ìlú Perth, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. Dókítà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Robin Warren. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fi maikirosikópù wo ẹran bíńtín tí wọ́n bá gé láti ara aláìsàn. Ní ọdún 1979, ó rí àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tí ara wọn lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, lára ẹran àpòlúkù kan tí ó wú. Ó fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé kòkòrò wo ni yóò gbé inú ásíìdì tí kò ní kú? Warren kò jiyàn, ó kàn ń kó wọn jọ ni. Ní ọdún 1981, dókítà ọ̀dọ́ kan, Barry Marshall, wá bá a. Àwọn méjèèjì yẹ aláìsàn 100 wò. Nínú wọn, ẹni 13 ni ó ní egbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, gbogbo àwọn 13 náà ni wọ́n sì bá kòkòrò yìí lára wọn. Nínú àwọn 22 tí egbò tiwọn wà nínú àpòlúkù, ó wà lára 18.

Wọ́n wá fẹ́ gbin kòkòrò náà nínú àwo kí wọ́n lè mọ irú ohun tí ó jẹ́. Ó kọ̀, kò hù. Ìṣe àwọn láàbù ni pé bí nǹkan kò bá hù fún ọjọ́ 2, wọn á dà á nù. Ó wá ṣe, ọdún Àjíǹde 1982 dé, àwọn òṣìṣẹ́ lọ ìsinmi, wọ́n gbàgbé àwo kan síbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 5. Nígbà tí wọ́n padà dé, kòkòrò ti hù bámúbámú. Kì í ṣe pé kò lè hù tẹ́lẹ̀, wọn kò fún un láyè tó ni.

Síbẹ̀, àwọn àgbà oníṣègùn kò gbà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí egbò ti kọ́kọ́ wà, kí kòkòrò sì wá bá a níbẹ̀, bí eṣinṣin ti ń bá egbò ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ́gbọ́n dání ni, a kò lè bá wọn wí. Marshall gbìyànjú láti fi kòkòrò náà sára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, kò mú un. Ní ọdún 1984, ó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ara rẹ̀ pé kò sí kòkòrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó po kòkòrò tí wọ́n gbà láti inú aláìsàn kan mọ́ omi, ó sì gbé e mu. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ kí ó tó ṣe é. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá díẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹnu rẹ̀ ń rùn. Ní ọjọ́ 10, wọ́n tún wo inú rẹ̀: àpòlúkù rẹ̀ ti wú, kòkòrò sì ti kún ibẹ̀. Ó wá lo oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má dán irú rẹ̀ wò o! Kò tíì di egbò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé kòkòrò yìí lè wọ inú àpò tí ara rẹ̀ dá, kí ó sì dá àìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1989 ni wọ́n sọ ọ́ ní Helicobacter pylori. H. pylori tí ẹ ń rí lórí ìwé àyẹ̀wò yín nìyẹn. Ní ọdún 2005, Warren àti Marshall gba ẹ̀bùn Nobel. Warren kú ní ọdún 2024.

Báwo ni ó ṣe ń gbé inú ásíìdì? Ọgbọ́n rẹ̀ kò kéré. Ó ń ṣe amóníà yí ara rẹ̀ ká, amóníà sì ń pa kíkan omi tí ó bá súnmọ́ ọn, bí ìgbà tí ènìyàn da omi eérú sí ohun kíkan. Lẹ́yìn náà á wa ara rẹ̀ wọ inú ohun yíyọ̀ tí ó bo àpòlúkù, á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó o, nínú ilé, láti ẹnu dé ẹnu àti láti ọwọ́ tí a kò fọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Nǹkan bí ìdajì gbogbo ènìyàn ayé ni ó ní in, ó sì pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sí i: ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó ní kòkòrò yìí ni kì í ní egbò rárá. Ní ọdún 1994, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ kà á mọ́ ohun tí ó lè fa jẹjẹrẹ àpòlúkù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí dẹ́rù bà yín, nítorí pé ní ọdún 1992 ni dókítà Holcombe ti kọ ọ́ pé àlọ́ kan wà ní Áfíríkà tí kò tíì ní ìtumọ̀: kòkòrò yìí pọ̀ lára wa, síbẹ̀ jẹjẹrẹ tí ó yẹ kí ó bá a rìn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò, ibẹ̀ gan-an ni owó yín ń gbà lọ. Àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ọjà ni ti ẹ̀jẹ̀: wọ́n á gún ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí kékeré kan, ìlà méjì á yọ, wọ́n á ní "o ní in". Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa, àmọ́ ohun tí páálí yẹn ń rí kì í ṣe kòkòrò náà. Ohun tí ara wa fi bá kòkòrò jà ni ó ń rí, èyí sì ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. A mọ ẹnì kan láàárín wa tí ó lo oògùn rẹ̀ pé pérépéré. Oṣù 3 lẹ́yìn náà, ó lọ gún ìka, ìlà méjì tún yọ. Ó tún ra oògùn. Ìlà méjì. Ó rà á ní ìgbà kẹta. Ẹ̀yáwó ni ó fi rà á lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti kú láti ìgbà àkọ́kọ́.

Àyẹ̀wò tí ó dára ju èyí lọ mẹ́ta ni ó wà. Ọ̀kan ni ti ìgbẹ́, tí wọ́n ń wá ara kòkòrò náà gan-an nínú rẹ̀. Èkejì ni ti èémí: wọ́n á fún ọ ní ohun kan mu, wà á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò, ẹ̀rọ á sì mọ̀ bóyá kòkòrò wà. Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lórí gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé láti fojú rí egbò náà, kí wọ́n sì gé ẹran bíńtín. Okùn yìí ń dẹ́rù bani, owó rẹ̀ sì tó owó, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó lè sọ bóyá egbò wà lóòótọ́. Inú rírun kì í fìgbà gbogbo jẹ́ egbò. Ọ̀pọ̀ tí ń pe ara wọn ní ẹni tí ó ní ulcer, kò sí ẹni tí ó tíì wo inú wọn rí. Nígbà mìíràn, ásíìdì tí ń gòkè wá sí ọ̀fun ni. Nígbà mìíràn, òkúta inú àpò òróòro ni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ àìsàn ọkàn, pàápàá fún ẹni tí ó ti dàgbà tí àyà ń fún mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn. Ẹni tí ó bá ń lo omeprazole ní láti dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹni tí ó bá ti lo oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ 4. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò lè ní kò sí nígbà tí ó wà. Bákan náà, lẹ́yìn ìtọ́jú, ó yẹ kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ti lọ. Kì í ṣe pẹ̀lú ti ìka gígún.

Nípa ìtọ́jú, oògùn kan ṣoṣo kò lè pa á. Omeprazole tàbí èyí tí ó jọ ọ́ á dín ásíìdì kù, oríṣi oògùn méjì tí ń pa kòkòrò àrùn á bá a rìn, nígbà mìíràn wọ́n á fi bismuth kún un. Ọjọ́ 14 ni wọ́n máa ń fún ènìyàn lò ó báyìí. Láyé àtijọ́, ọjọ́ 7 ni, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ti gbọ́n sí i. Níbí, ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwa náà. Flagyl, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ metronidazole, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi ń pa á. Ta ni nínú wa tí kò tíì ra Flagyl méjì-méjì nítorí pé inú kùn lásán? Díẹ̀díẹ̀ yìí ni kòkòrò fi mọ ojú rẹ̀, tí ó sì fi jẹ́ pé ní ilẹ̀ wa, ìgbà púpọ̀ ni oògùn yìí kì í ran kòkòrò náà mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fúnra rẹ̀ pò jọ ní kẹ́míìsì. Dókítà ni yóò yan èyí tí ó bá ara yín mu, kí ẹ sì sọ fún un bí ẹ bá lóyún tàbí bí ara yín bá kọ penicillin.

Ẹni tí ó bá ra ti ọjọ́ 4 nítorí pé owó kò tó, tí ara rẹ̀ rọ̀, tí ó sì dúró, ó ti ná owó náà dànù. Kòkòrò tí ó kù níbẹ̀ ni èyí tí ó le jù. Ó sàn kí ẹ wá yá owó tí yóò ra ti ọjọ́ 14 lẹ́ẹ̀kan ju kí ẹ máa ra díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10. Bí ẹ bá sì pa á, tí kì í ṣe oògùn ara ríro ni ó dá egbò náà sílẹ̀, ẹni tí egbò tún padà sí lára kì í tó 10 nínú 100.

Oògùn ara ríro tí a dárúkọ yìí ni ohun kejì tí ń dá egbò sílẹ̀, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá jù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ń ru ẹrù, ẹni tí ń wakọ̀ lọ sí òkè-ọya, ẹni tí ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, oògùn ẹ̀yìn dídùn ni oúnjẹ alẹ́ wọn. Diclofenac, ibuprofen, piroxicam, indomethacin, aspirin: ẹbí kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1971, John Vane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1982. Ohun tí ń mú kí ara ro wa ni wọ́n ń dí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ara fi ń ṣe ohun yíyọ̀ tí ń dáàbò bo àpòlúkù. Bí ẹ bá ti dí ọ̀kan, ẹ ti dí èkejì. Oògùn oníyẹ̀fun tí a ń dà sẹ́nu fún orí fífọ́ náà, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí acetylsalicylic acid, aspirin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá tún ní prednisolone mọ́ ọn, ewu rẹ̀ tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Paracetamol kì í ṣe ẹbí wọn, kì í sì í ba àpòlúkù jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a kò bá ti lò ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú wa tí ó ń ta iṣu ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Inú kò run ún rárá. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú fún ọjọ́ 3, ó rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí òun ń lò ni, nítorí pé òótọ́ ni pé irú oògùn yẹn máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, bismuth náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀: ó máa ń dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara mọ́. Oògùn ẹ̀yìn dídùn tí ó ń gbé mì lálaalẹ́ láti bí oṣù mélòó kan ni ó dá egbò sí i nínú, egbò náà sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí i lára kí ó tó lajú. Ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, a dúpẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú báyẹn, tàbí tí ó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó bì ohun tí ó dà bí gàrọ́ọ̀ kọfí, tàbí tí inú ṣàdédé là á mọ́lẹ̀ tí ikùn rẹ̀ sì le gbandi, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹni tí ó ń rù tí kò sì mọ ìdí rẹ̀, tàbí tí oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà kọjá kí ó tó rí dókítà. Ní ti ẹni tí ó bá dé ọsibítù láìrówó, kí ará ilé rẹ̀ wá bá akọ̀wé tàbí akápò ní ilé, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìpàdé. A ó wá kọ fọ́ọ̀mù nígbà tí ó bá jí.